Bí Ẹgbẹ́ Onílé Ṣe Lè Fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Ní Ìrọ̀rùn Owó Fún Ìgbà Díẹ̀ Nígbà Pàjáwìrì: Ìtọ́sọ́nà Láti Òṣogbo

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lóru ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020, èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò tí mò ń gbé ní Òṣogbo. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba fi wá bá mi lẹ́nu géètì. Ó na owó bébà mẹ́ta tí ó ti rún sí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ₦500, ó ní kí n gbà á mọ́ owó ọlọ́dẹ oṣù náà, nítorí pé ohun tí ó kù lọ́wọ́ òun nìyẹn lẹ́yìn tí òun ra gààrì. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Bí mo bá gbà á, ṣé owó oṣù rẹ̀ ti pé nìyẹn, àbí gbèsè ni ìyókù ń jẹ́? Bí mo bá sì dá a padà, ta ni yóò sanwó fún ọlọ́dẹ tí ó ń fi irin lu òpó iná ní aago méjì òru kí a lè mọ̀ pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀? Ìwé òfin ẹgbẹ́ wa kò sọ ohunkóhun nípa irú rẹ̀. Alága dúró ní oríta, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ti oṣù yìí sílẹ̀ ná," gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ, àwọn kan ní oṣù kan ṣoṣo ni a fi sílẹ̀, àwọn kan ní oṣù mẹ́ta ni, àwọn tí wọ́n sì ti san tiwọn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ń béèrè pé kí a dá owó àwọn padà. Ìjà náà pẹ́ nílẹ̀ ju kónílé-ó-gbélé fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ níbí ni ìlànà tí a fi ṣe é dáadáa nígbà tí wàhálà kejì dé. Ó wà fún ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò bíi Òkè-Fìà, Ayétòrò, Ògo-Olúwa tàbí Alẹ́kúwodò, níbi tí onílé kọ̀ọ̀kan ti ń dá owó fún ọlọ́dẹ, fún kànga ẹlẹ́rọ, fún gọ́tà àti fún àtúnṣe tiransifọ́mà. Bí ó bá sì jẹ́ ilé alájà púpọ̀ ni, tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní olówó tirẹ̀, ìlànà kan náà ni, àyàfi pé ẹ kò lè pa ẹ̀rọ omi tàbí àtùpà àtẹ̀gùn fún ẹnì kan kí ẹ máà pa á fún gbogbo ilé. Ìdí nìyẹn tí owó àjùmọ̀ní fi le níbẹ̀ ju ti àdúgbò lásán lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ sọ ohun tí ẹ ń pè ní pàjáwìrì

Kì í ṣe gbogbo ìnira ni pàjáwìrì. Nǹkan ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá sọ èyí di ìdí láti dín owó kù, ìdínkù náà kò ní ní òpin láéláé, nítorí pé ọ̀wọ́ngógó kì í kéde ọjọ́ tí yóò lọ. Bí owó oṣooṣù bá ti pọ̀ jù fún àdúgbò, ẹ pe ìpàdé kí ẹ sì tún iye rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Pàjáwìrì tí mo ń sọ ni èyí tí ó dé lójijì, tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì lè tọ́ka sí ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀: àrùn tí ìjọba torí rẹ̀ ti ọjà pa, àgbàrá tàbí odò tí ó kún wọ ilé, ìjì tí ó ká òrùlé lọ, tàbí irú ọ̀wọ́n owó bébà tí a rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ẹ jẹ́ kí àmì kan wà tí kò ní mú àríyànjiyàn wá, bí ìkéde ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀, tàbí kí ìdámẹ́ta àwọn onílé kọ̀wé sí akọ̀wé pé àwọn fẹ́ kí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Èyí kejì wúlò fún omíyalé, nítorí pé odò lè wọ ilé mẹ́wàá ní ẹ̀bá Ọ̀ṣun tàbí ní etí àwọn odò kékeré tí ó ń ṣàn sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì tó gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka owó kí ẹ tó ṣèlérí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kùnà, torí àánú máa ń yá ju ìṣirò lọ. Kí alága tó la ẹnu sọ ohunkóhun, akápò àti akọ̀wé gbọ́dọ̀ jókòó ti ìwé owó kí wọ́n sì pín ìnáwó sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò gbọdọ̀ dúró: owó ọlọ́dẹ, iná tàbí epo tí ó ń fa omi, gílóòbù ojú títì. Ìkejì ni èyí tí ó lè dúró: kíkun géètì, àsè òpin ọdún, aṣọ ẹgbẹ́, àga tuntun fún gbọ̀ngàn ìpàdé. Ìkẹta ni owó tí wọ́n dá fún ohun kan pàtó, pàápàá owó tiransifọ́mà. Èmi kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èyí ìkẹta yìí, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà le tó, torí ẹni tí ó dá owó fún tiransifọ́mà kò dá a fún ọlọ́dẹ, àti pé ọjọ́ tí tiransifọ́mà bá jó ni gbogbo àdúgbò máa ń rántí iye tí oníkálukú dá.

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé 60 ni wọ́n, onílé kọ̀ọ̀kan ń san ₦3,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Ọlọ́dẹ méjì ń gba ₦50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, kànga ẹlẹ́rọ ń gba ₦25,000, gọ́tà àti gílóòbù ń gba ₦15,000. Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró jẹ́ ₦140,000 nìyẹn, ₦40,000 tí ó ṣẹ́kù sì ń lọ sínú àpò tiransifọ́mà. Bí ilé 20 bá ní àwọn kò lè san kọ́bọ̀, ₦60,000 ti dín, ohun tí yóò wọlé di ₦120,000, ẹgbẹ́ yóò sì jẹ gbèsè ₦20,000 lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí ilé 20 kan náà bá san ìdajì, ₦30,000 péré ni ó dín, ₦150,000 yóò wọlé, gbogbo ohun tí kò gbọdọ̀ dúró yóò rí owó, ₦10,000 yóò sì tún kù. Ohun tí ó dín kù ni ìdáwó tuntun sínú àpò tiransifọ́mà. Owó tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Láti inú ìṣirò kékeré yìí ni ìdáhùn ti jáde: àdúgbò yìí lè gba ìdajì, kò lè gba òfìfo. Iye ti àdúgbò tiyín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lórí ìwé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pe ìpàdé, kódà bí kò bá ṣeé ṣe láti péjọ

Ẹ wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín láti mọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ àti iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ péjú kí ìpinnu tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ CAMA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2020 lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn alágbàtọ́, ìwé òfin tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe àṣà tí ẹ ti mọ́ ara yín lára.

Nígbà tí ìjọba bá ní kí ènìyàn má péjọ, ìpàdé orí fóònù kò burú, àmọ́ ẹ má ṣe rò pé WhatsApp nìkan ti tó. Ní àdúgbò wa, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn onílé jẹ́ àgbàlagbà tí fóònù wọn kò ju ti ìpè lásán lọ, àwọn míì sì wà tí ó jẹ́ pé ọmọ wọn ní Ìbàdàn tàbí Èkó ni ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún wọn. Ohun tí a ṣe ni pé a pín ilé sí ọ̀nà mẹ́fà, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó pe onílé kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ó ka àbá náà fún un ní ọ̀rọ̀ kan náà láìfi kún un láìyọ nínú rẹ̀, ó sì kọ "mo gbà" tàbí "n kò gbà" sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bàbá àgbà kan ní kí wọ́n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ó ní òun kò gbà. Ìyẹn náà wà nínú ìwé. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí a tún ṣe lójúkojú, a mú ìpinnu náà wá, a sì ní kí ilé fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan irú ìrọ̀rùn tí ó bá ìnira náà mu

Ọ̀rọ̀ wà nídìí èyí, torí "ẹ fi sílẹ̀ ná" tí alága wa sọ lè túmọ̀ sí ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó lè jẹ́ ìsúnsíwájú: gbèsè wà níbẹ̀, ọjọ́ sísan rẹ̀ nìkan ni a yí. Irú èyí ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2020 fún àwọn tí wọ́n ti yá owó ìrànwọ́ rẹ̀: ó fún wọn ní ọdún kan kí wọ́n tó máa san ojúlówó gbèsè padà, ó sì dín èlé rẹ̀ láti ìdá 9 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó má san mọ́. Ó lè jẹ́ ìsanpín, kí ènìyàn máa san díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù, bóyá ₦750 lọ́sẹ̀ dípò ₦3,000 lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ń jẹun lójúmọ́ iṣẹ́, bí awakọ̀, télọ̀, aláàdìrẹ, torí bí owó ṣe ń wọlé fún wọn náà nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìfàgilé owó ìtanràn, kí ẹni tí ó pẹ́ sanwó má san owó ẹ̀yìn. Mo gbà gbogbo ẹgbẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní pàjáwìrì, torí kò ná ẹgbẹ́ ní nǹkan kan, ó sì ń mú kí ọkàn ènìyàn balẹ̀. Èyí ìkẹrin ni ìdáríjì gbèsè, kí a pa á rẹ́ pátápátá. Ẹ má ṣe é fún gbogbo ènìyàn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ilé rẹ̀ wó, tàbí tí olówó ilé kú tí ó sì fi opó àti ọmọ kékeré sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ ìpàdé gbogbogbò ni yóò fọwọ́ sí i.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe iye owó ni ìnira, ọ̀nà tí a ń gbà san án ni. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì wá pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ títí di òpin ọdún náà, ọ̀pọ̀ onílé ní owó nínú báńkì, wọn kò rí i mú jáde. Ẹni tí ó bá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ POS yóò fi apá kan owó náà ra owó. Bí ẹgbẹ́ bá dín owó oṣù kù nígbà yẹn, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí a ṣe ni pé a gba kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹgbẹ́ láti orí fóònù, a sún ọjọ́ sísan síwájú ọ̀sẹ̀ méjì nítorí báńkì tí kò gbé owó dé lásìkò, a sì bá ọlọ́dẹ kan tí kò ní àkáǹtì ṣí ọ̀kan. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni mo wí o. Akápò kankan kò gbọdọ̀ gba owó àdúgbò sínú àkáǹtì ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ fún ọjọ́ kan. Èmi náà ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì gbà mí ní oṣù méjì láti yọ owó àwọn aládùúgbò kúrò nínú owó tèmi lórí ìwé báńkì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ta ni yóò gbà á, báwo ni yóò sì ṣe béèrè?

Ìrọ̀rùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn dára lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ sọ́wọ́ ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ẹni tí ó ní ilé márùn-ún kò ní kọ̀ ọ́ bí ẹ bá fi fún un. Ní ìdàkejì, bí ẹ bá ní kí ènìyàn dìde láàárín ìpàdé kó sọ pé òun kò lówó, àwọn tí ìyà ń jẹ jù ni yóò jókòó. Onílé ni wọ́n. Ojú ń tì wọ́n.

Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta, kí obìnrin kan ó kéré tán wà nínú wọn, kí ọ̀kan sì jẹ́ àgbàlagbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìrọ̀rùn yóò lọ bá ọ̀kan nínú wọn tàbí kó tẹ̀ ẹ́ láago. Kò ní mú ẹ̀rí púpọ̀ wá, torí a kì í ṣe báńkì. Ìbéèrè mẹ́ta ti tó: kí ni iṣẹ́ yín, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí i, iye wo ni ẹ lè san nísinsìnyí? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Púpọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ iye tí ó ju èyí tí ẹ bá bù fún wọn lọ. Ìgbìmọ̀ yóò fún akápò ní orúkọ àti iye nìkan, kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìròyìn tí yóò dé ìpàdé ni pé "ilé 14 ń gba ìrọ̀rùn, ohun tí ó dín kù lóṣù jẹ́ iye báyìí," láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ ènìyàn ṣe ìdájọ́ jù. Àwọn kan yóò ní òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń lọ sí Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, lójoojúmọ́ kò lè sọ pé òun kò lówó. Ẹni tí ó bá ti wà ní Òṣogbo láti ọdún 2015, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ láti ìpele kan sókè ń gba àbọ̀ owó oṣù, kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé kò gbọdọ̀ sọnù níbí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, onílé ni ó ń gba owó àdúgbò lọ́wọ́ wọn tí ó sì ń kó o fún ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá dín owó onílé kù, tí onílé náà sì ń gba iye àtijọ́ lọ́wọ́ ayálégbé, ìrọ̀rùn ti di èrè. Ẹ kọ ọ́ sínú ìpinnu pé ohun tí onílé bá gbà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ayálégbé ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níbi tí àwọn ayálégbé ti lè kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé kan ṣoṣo ni, kò sì gùn. Ẹ lè tẹ̀ lé àpẹẹrẹ yìí:

"Ẹgbẹ́ Àwọn Onílé àti Olùgbé Àdúgbò … Ní ìpàdé tí a ṣe ní ọjọ́ …, níbi tí onílé … nínú … ti péjú, a fẹnu kò pé nítorí …, ẹnikẹ́ni tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta bá fọwọ́ sí lè san ìdajì owó oṣooṣù láti oṣù … títí di òpin oṣù … Ìdajì tí ó kù jẹ́ gbèsè, a kò ní gba owó ìtanràn lé e lórí, ìpín mẹ́ta ni a ó sì fi san án, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù … Ìpinnu yìí kò fagi lé gbèsè kankan tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó ti san owó rẹ̀ pé kò pàdánù ohunkóhun; bí ó bá béèrè ìrọ̀rùn tí a sì fọwọ́ sí i, a ó ka àsanjù rẹ̀ mọ́ oṣù tí ó ń bọ̀. A kò ní fọwọ́ kan owó tiransifọ́mà. Ìpinnu yìí yóò parí fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí a kọ sókè, àyàfi bí ìpàdé mìíràn bá sún un síwájú."

Alága, akọ̀wé àti akápò yóò fọwọ́ sí i. Nínú ìwé owó, ẹ fa ilà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà "ó san" àti "ó kù", kí ẹ sì pè é ní "ìsúnsíwájú". Má ṣe kọ gbèsè tí a sún síwájú mọ́ gbèsè lásán, torí akápò tí yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó bá san ₦1,500 gbọ́dọ̀ gba risíìtì tí ó sọ pé: "₦1,500 fún oṣù Kẹrin, ₦1,500 sún síwájú." Ká ní irú risíìtì bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ìyá alásọ yẹn dé ẹnu géètì mi, n kò ní dúró bí ẹni tí ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má fi ìrọ̀rùn yín di ẹrù fún ọlọ́dẹ

Ibi tí ó rọrùn jù láti dín owó kù ni owó òṣìṣẹ́, torí ọlọ́dẹ kì í wá sí ìpàdé. Ẹ máà ṣe é. Ilé tí ó ṣófo àti ìlú tí ó dákẹ́ ni ìgbà tí olè ń ṣọ́, iṣẹ́ ọlọ́dẹ sì le sí i nígbà pàjáwìrì. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ bá a jókòó ṣáájú òpin oṣù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sọ iye tí yóò gbà nísinsìnyí àti ọjọ́ tí yóò gba ìyókù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Gbèsè ọlọ́dẹ ni ẹ máa kọ́kọ́ san nígbà tí owó bá padà wọlé, ṣáájú gbèsè ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe àti ẹni tí ó ń kó gọ́tà lè dúró díẹ̀, bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Owó láti ìta

Ìrànwọ́ ìjọba kì í sábà wà fún ẹgbẹ́ onílé. Ìdílé àti oníṣòwò ni ó máa ń fojú sùn. ₦50 bílíọ̀nù tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2020 nípasẹ̀ NIRSAL Microfinance Bank jẹ́ owó yíyá fún ìdílé àti oníṣòwò kéékèèké, ẹni kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń béèrè fún un. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe láti dúró de owó, bí kò ṣe láti jẹ́ kí orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí ó yẹ.

Bí omi bá wọ ilé, ẹ ya àwòrán kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀: ojú ògiri pẹ̀lú àmì ibi tí omi dé, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, orúkọ òpópónà. Ẹ to orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan, iye ènìyàn inú rẹ̀ àti ohun tí ó bàjẹ́ sínú ìwé kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti àjọ tí ó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀, tí í ṣe ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Ẹ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí àdúgbò yín wà o: Òṣogbo ni apá kan ìlú yìí, Ọlọ́rundá tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìgbóǹnà ni apá kejì, mo sì ti rí àwọn tí wọ́n gbé ìwé lọ sí ibi tí kì í ṣe tiwọn tí ọ̀sẹ̀ kan fi ṣòfò. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí onílé kọ̀ọ̀kan mú owó fọ́ọ̀mù wá kí orúkọ wọn lè wọ inú ìrànwọ́, oníjìbìtì ni.

Bí àìtó owó ẹgbẹ́ bá kéré, ẹ wo inú ilé yín. Ẹni tí ó rọ̀ lọ́rùn lè san oṣù mẹ́ta sílẹ̀, owó rẹ̀ náà ni, kò fún ẹgbẹ́ ní ẹ̀bùn. Ní àdúgbò tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, ilé mẹ́wàá tí ó bá san oṣù méjì sílẹ̀ yóò mú ₦60,000 wọlé, èyí tí ó kájú ₦20,000 tí ó dín kù lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá rántí pé ilé mẹ́wàá náà kò ní san ní oṣù méjì tí wọ́n ti san sílẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ọ̀pọ̀ yín wà nínú rẹ̀ lè yá ènìyàn kọ̀ọ̀kan lówó. N kò gba ẹgbẹ́ onílé nímọ̀ràn láti lọ yá owó èlé lórúkọ àdúgbò, torí nígbà tí gbèsè bá dé, àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé nìkan ni wọn yóò máa wá.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọjọ́ tí ìrọ̀rùn parí

Oṣù mẹ́ta ni mo dábàá, kì í ṣe "títí nǹkan yóò fi dára". Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó parí, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó gbà á, kí ẹ kọ iye tí ó jẹ àti bí yóò ṣe san án. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tí ó san ìdajì fún oṣù mẹ́ta jẹ ₦4,500. Bí ó bá fi ₦1,500 kún owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ₦4,500 ni yóò máa san lóṣù títí tí yóò fi tán. Bí ẹnì kan kò bá lè san bẹ́ẹ̀, kí ó padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta kí ọjọ́ tó dé, wọn yóò sì sọ ìpín mẹ́ta di mẹ́fà. Ẹni tí kò bá wá, tí kò sì san, ni owó ìtanràn yóò padà sórí rẹ̀ láti oṣù kejì.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ yẹ ìwé owó wò, kí ó ka iye tí a sún síwájú, iye tí a ti gbà padà àti iye tí ó kù fún ìpàdé. Ní ìpàdé ọdọọdún tí ó bá tẹ̀ lé e, ẹ gbé gbólóhùn mẹ́rin wọ inú ìwé òfin ẹgbẹ́: ohun tí ó ń jẹ́ pàjáwìrì, ẹni tí ó lè pe ìpàdé lórí rẹ̀, iye oṣù tí ìrọ̀rùn kò gbọdọ̀ kọjá, àti owó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Tiwa wà ní ojú ewé kẹta ìwé òfin náà báyìí, lábẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí a ń ti géètì.